Poilão: Erékùṣù àràbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjàpá òkun ń yé ẹyin sí, àtàwọn tó ń ṣọ́ wọn lóru òjò

Òru ni, òjò ń rọ̀, òkun sì ti kún dé etí igbó. Lórí iyanrìn erékùṣù kékeré kan ní Guinea-Bissau, àwọn ènìyàn mélòó kan jókòó láì tan iná, wọn ò sì gbé ohùn sókè. Nǹkan dúdú kan tó fẹ̀ bí ọpọ́n ìfọṣọ ńlá yọ láti inú ìgbì. Ó dúró díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ara rẹ̀ gòkè. Kò pẹ́ tí òmíràn fi yọ. Òmíràn tún tẹ̀lé e.

Ìjàpá òkun ni wọ́n. Tó bá di oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè gòkè sí erékùṣù yìí lóru ọjọ́ kan ṣoṣo láti wá yé ẹyin. Àwọn tó jókòó sínú òjò yẹn kò wá pa wọ́n, wọn kò sì wá kó ẹyin wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti kà wọ́n, láti wọ̀n wọ́n, àti láti rí i pé wọ́n padà sínú omi láàyè.

Orúkọ erékùṣù náà ni Poilão. Fún wa tí a gbọ́ Yorùbá, orúkọ náà kò ṣàjèjì tó bí ẹ ṣe lè rò, torí pé igi àràbà ni wọ́n ń pè ní poilão ní Guinea-Bissau. Bí àwọn baba wa kì í ṣeé ṣá igi àràbà lásán, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀yà Bijagó tó ni erékùṣù yìí kì í tẹ ilẹ̀ rẹ̀ lásán.

Níbo ni Poilão wà?

Guinea-Bissau wà láàárín Senegal àti Guinea, ní etí òkun Atlantic. Ní iwájú etíkun rẹ̀ ni àwọn erékùṣù Bijagós wà, méjìdínláàádọ́rùn-ún (88) ni wọ́n, àmọ́ nǹkan bíi ogún péré ni ènìyàn ń gbé. Poilão wà ní ìpẹ̀kun wọn níhà gúúsù. Tí a bá wọn ilẹ̀ rẹ̀, kò ju nǹkan bíi héktà mẹ́tàlélógójì (43) lọ, etíkun tí ìjàpá lè yé ẹyin sí níbẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà méjì.

Láti dé ibẹ̀, èèyàn á kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Bissau tó jẹ́ olú ìlú lọ sí Bubaque, ìrìn ọ̀pọ̀ wákàtí sì ni. Láti Bubaque, ọkọ̀ pákó tí wọ́n so ẹ́ńjìnnì mọ́ ló kù tó ń lọ. Ẹni tó bá gbàgbé nǹkan sílé kò lè sáré padà lọ mú un, kò sì sí ọjà nítòsí. Ìrẹsì, epo, oògùn, bátìrì, epo bẹntiróòlù ọkọ̀ àti omi mímu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbé dání.

Ọdún 2000 ni ìjọba Guinea-Bissau sọ agbègbè yìí di ọgbà ìtọ́jú ẹ̀dá inú òkun, tí wọ́n pè ní ọgbà João Vieira àti Poilão. Ó gba ilẹ̀ àti omi tó fẹ̀ tó 495 kìlómítà níbùú lóròó. Àjọ ìjọba tó ń bójú tó o ni IBAP, ìyẹn àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀dá abẹ̀mí àtàwọn agbègbè tí òfin dáàbò bò.

Òkun ló ń pàṣẹ iṣẹ́

Kò sẹ́ni tó ń gbé Poilão jálẹ̀ ọdún. Àsìkò ẹyin ló ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ni àwọn ìjàpá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó máa ń pọ̀ jù láàárín oṣù Kẹjọ sí Ìkẹsàn-án, ó sì máa ń parí ní ìparí ọdún. Àsìkò òjò gan-an nìyí ní apá ibẹ̀. Nítorí náà, abẹ́ àgọ́ ni wọ́n ń sùn, aṣọ kì í sì í tètè gbẹ lára okùn.

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni àwọn kan lára wọn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni àwọn mìíràn, àwọn kan nínú wọn sì máa ń wá láti Portugal tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Àmọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Bijagó, pàápàá àwọn tó wá láti àwọn abúlé erékùṣù Canhabaque, ni iṣẹ́ náà dúró lé. Àwọn ni wọ́n mọ omi, wọ́n mọ ibi tí òkúta fara pamọ́ sí, wọ́n sì mọ ibi tí àjèjì kò gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Aago ọwọ́ kò wúlò tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Òkúta yí ẹsẹ̀ erékùṣù náà ká, torí náà ìgbà tí òkun bá kún nìkan ni ìjàpá lè rọ́nà gòkè dáadáa. Tí òkun bá kún ní aago mẹ́wàá alẹ́, aago mẹ́wàá ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ aago mẹ́ta òru ni, kí oníkálukú dìde nìyẹn.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò gbọ́dọ̀ dá ìyá dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ìjàpá tó bá rí iná funfun tàbí tó gbọ́ ariwo lè yí padà sínú òkun láì yé ẹyin kankan. Iná pupa tó ṣókùnkùn ni wọ́n ń lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gbà sún mọ́ ọn, wọ́n á sì dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn títí yóò fi gbẹ́ ihò rẹ̀ tán pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Tí ẹyin bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sínú ihò, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n á fi tépù wọn igbá ẹ̀yìn rẹ̀ láti orí dé ìdí, wọ́n á wò bóyá àmì irin wà ní apá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, bí kò bá sí, wọ́n á fi tuntun sí i. Nọ́ńbà wà lára àmì náà. Bí ìjàpá yẹn bá padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tàbí tí wọ́n rí i ní orílẹ̀-èdè mìíràn, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ẹni tó jẹ́.

Ìjàpá kan máa ń yé tó ọgọ́rùn-ún ẹyin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò bò ó mọ́lẹ̀, yóò fi iyanrìn da ojú ibẹ̀ rú kí ọ̀tá má bàa mọ̀ ọ́n, yóò sì padà sínú òkun. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, yóò tún padà wá. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín àsìkò kan, lẹ́yìn náà kò ní wá mọ́ fún ọdún méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá tó há sáàárín òkúta

Tí ilẹ̀ bá mọ́, iṣẹ́ mìíràn ló kàn. Kì í ṣe gbogbo ìjàpá ló máa ń tètè ṣe tán. Òmíràn á pẹ́ níbi gbígbẹ́ ihò, òkun á ti fà sẹ́yìn kó tó bọ̀. Yóò forí lé omi, yóò sì há sáàárín òkúta. Oòrùn á wá máa gun òkè.

Ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé tó ti dàgbà lè wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Ọwọ́ kan kò gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á rìn yíká erékùṣù láàárọ̀, wọ́n á máa wo ihò òkúta kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí èyí tó há, wọ́n á para pọ̀ fà á jáde tàbí kí wọ́n yí i sí ọ̀nà omi. Tí omi bá ti jìnnà jù, wọ́n á da omi sí i lára, wọ́n á sì ṣíji bò ó títí òkun yóò fi padà kún.

Kò sí ìwé tí wọ́n ń gbà fún èyí, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹ rò ó wò: abo ìjàpá tó ti pé ọdún mélòó kan lẹ́nu ẹyin yíyé kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fi òmíràn rọ́pò lọ́la. Ó lè gbà tó ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún kí ọmọ ìjàpá tó di ìyá.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kà wọ́n?

Ìjàpá tó bá gòkè máa ń fi ipa sílẹ̀ lórí iyanrìn, ó máa ń dà bí ìgbà tí táyà katakata kọjá. Ní àwọn etíkun mìíràn, kíkà ipa láàárọ̀ kò ṣòro. Ní Poilão, ipa kan á gun orí èkejì, èkejì á gun orí ẹ̀kẹta, títí gbogbo etíkun á fi dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Bí wọ́n bá ti ka ipa kan, wọ́n á fa ìlà kọjá lórí rẹ̀ kí wọ́n má bàa tún un kà lọ́jọ́ kejì.

Iye wọn kì í dọ́gba lọ́dọọdún. Ní ọdún tó bá dára, ìtẹ́ ẹyin tó wà ní Poilão máa ń ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún (20,000) lọ. Èyí ló mú kí erékùṣù kékeré yìí wà lára àwọn ibi tí ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé ti ń yé ẹyin jù lọ ní gbogbo òkun Atlantic.

Àmọ́ ibi tí ìyá bá ti pọ̀ tí ilẹ̀ sì kéré, ìjàpá kan á gbẹ́ ilẹ̀, ẹyin ẹlòmíràn ni yóò hú jáde. Àwọn akàn á dé, ẹyẹ igún kan tó fẹ́ràn èso ọ̀pẹ náà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi wá jẹun. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í lé ẹyẹ náà. Òun náà jẹ́ ara àwọn tó ni ilé.

Nígbà tí ó bá tó nǹkan bí oṣù méjì, àwọn ọmọ á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò gbẹ́ àwọn ìtẹ́ tí wọ́n ti fi àmì sí tẹ́lẹ̀, wọ́n á ka èèpo ẹyin tó ṣófo, wọ́n á ka èyí tó bàjẹ́, wọ́n á sì ka ọmọ tó kú sínú ìtẹ́. Iṣẹ́ tó ń rùn ni, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ bóyá àsìkò náà so èso rere.

Akọ tàbí abo? Ooru ilẹ̀ ló ń pinnu

Nǹkan kan wà nípa ìjàpá òkun tó yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ bàbá tàbí ti ìyá ló ń pinnu bóyá ọmọ á jẹ́ akọ tàbí abo. Ooru iyanrìn tí ẹyin wà ló ń pinnu rẹ̀. Ní Poilão, ìwádìí fi hàn pé nǹkan bíi 29 lórí ìwọ̀n Celsius ni ààlà náà. Tí iyanrìn bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, abo ló máa pọ̀ jù. Tó bá tutù díẹ̀, akọ ló máa pọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ri ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru mọ́ inú àwọn ìtẹ́ kan. Ohun tí wọ́n rí ni pé abo fi díẹ̀ pọ̀ ju akọ lọ, àti pé abẹ́ òjìji igi tó wà ní etí igbó ni ibi tí akọ ti ń rí àyè jáde. Nítorí náà, bí ayé ṣe ń gbóná sí i, igbó Poilão kì í ṣe ẹwà lásán. Bí ẹnikẹ́ni bá gé àwọn igi yẹn, ó ti gé ọ̀nà tí akọ ìjàpá ń gbà wáyé.

Ewu kejì ni òkun fúnra rẹ̀. Bí omi òkun ṣe ń ga sí i káàkiri ayé, etíkun tí kò ju kìlómítà méjì lọ yìí lè tún kéré sí i, àwọn ìyá tí wọ́n ti ń hú ẹyin ara wọn jáde tẹ́lẹ̀ yóò sì túbọ̀ fún mọ́ra.

Òfin àwọn baba ṣáájú òfin ìjọba

Ṣáájú kí ìjọba tó kọ òfin kankan sínú ìwé ní ọdún 2000, Poilão ti ní òfin tirẹ̀. Ilẹ̀ mímọ́ ni lọ́dọ̀ àwọn Bijagó Canhabaque. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀ kó máa gbé ibẹ̀. Wọn kì í ta ẹ̀jẹ̀ ènìyàn sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í sin òkú síbẹ̀. Àwọn tó bá ti ṣe ètùtù ìgbàwọlé nìkan ló lè wọ àwọn ibì kan.

Kì í ṣe pé àwọn Bijagó kò mọ ẹran ìjàpá tàbí ẹyin rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nǹkan tí kò sí fún ẹnikẹ́ni láti kó bó ṣe wù ú ni. Ẹ̀rù ilẹ̀ yẹn ló pa erékùṣù náà mọ́ títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtẹ́ níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Nígbà tí ìjọba fẹ́ dá ọgbà sílẹ̀, òfin ìbílẹ̀ yìí ni wọ́n gbé tiwọn kà, kí i ṣe pé wọ́n lé àwọn onílẹ̀ kúrò.

Èyí yàtọ̀ sí bí ọ̀pọ̀ ọgbà ẹranko ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti máa ń lé àwọn ará abúlé jáde, tí ọmọ onílẹ̀ yóò sì di ọ̀daràn lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àjọ UNESCO fi àwọn erékùṣù Bijagós, pẹ̀lú Poilão, sínú àkọsílẹ̀ ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Guinea-Bissau máa ní ibì kankan nínú àkọsílẹ̀ náà. Ìpàdé yẹn kan náà ni Sierra Leone ti rí tirẹ̀ àkọ́kọ́ gbà, ìyẹn igbó Gola àti Tiwai.

Ìjàpá kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè

Ní àwọn ìgbà kan, wọ́n máa ń lẹ ẹ̀rọ sátẹ́láìtì mọ́ ẹ̀yìn ìjàpá kí wọ́n lè mọ ibi tó ń lọ lẹ́yìn tó bá yé ẹyin tán. Àwọn kan kò jìnnà sílé. Àmọ́ àwọn mìíràn gba ojú omi Gambia àti Senegal kọjá, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ dé Banc d'Arguin ní Mauritania, níbi tí koríko abẹ́ òkun ti pọ̀ fún wọn láti jẹ.

Ìtumọ̀ èyí ni pé ìjàpá tí ọmọ Canhabaque fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kúrò láàárín òkúta láàárọ̀ lè kú sínú àwọ̀n apẹja ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní oṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè tó wà ní etí òkun Atlantic ní Áfíríkà fi ṣe àdéhùn ní Abidjan ní ọdún 1999 láti jọ dáàbò bo ìjàpá òkun.

Nílé náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ń fi ọkọ̀ ojú omi ṣọ́ àwọn apẹja tó ń wọ inú agbègbè tí òfin kò gbà. Omi tí wọ́n ń ṣọ́ fẹ̀, epo ọkọ̀ sì wọ́n. Guinea-Bissau jẹ́ ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó lọ́wọ́, ológun sì ti gbàjọba níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Púpọ̀ nínú owó tí wọ́n fi ń ra epo, tí wọ́n fi ń san owó òṣìṣẹ́ àsìkò, ọwọ́ àwọn àjọ òkèèrè ló ti ń wá. Tí owó yẹn bá pẹ́ kó tó dé, ìjàpá kò ní dúró dè é. Oṣù Kẹjọ yóò dé, òkun yóò kún, wọn yóò sì gòkè.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀?

Láti Èkó dé Cotonou àti Lomé, ìjàpá òkun máa ń gòkè sí etíkun tiwa náà, wọ́n sì máa ń há sínú àwọ̀n àwọn apẹja wa. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló mọ Ìjàpá ọkọ Yánníbo inú àlọ́, àmọ́ wọn kò tíì fojú rí ìjàpá òkun láàyè rí. Ohun tí Poilão fi hàn ni pé iṣẹ́ àbójútó kò ní kí a jẹ́ olówó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ó nílò àwọn onílẹ̀ tó gbà pé ti àwọn ni, àti àwọn tó lè máa padà wá lọ́dọọdún.

Iṣẹ́ náà sì ti ń so èso. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé ìtẹ́ ẹyin tó wà ní Poilão ti ń pọ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n ti ń kà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, àjọ IUCN tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹ̀dá tó wà nínú ewu yọ ìjàpá òkun aláwọ̀ ewé kúrò lára àwọn tó lè parun lórí ilẹ̀ ayé, torí pé iye wọn ti gbé pẹ́ẹ́lí sí i láti àwọn ọdún 1970. Wọ́n kìlọ̀ pé kò túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni dẹwọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjàpá tó wọ inú òkun ní Poilão ní àwọn ọdún 1990, àwọn tó bá yè nínú wọn ti di ìyá báyìí. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan wà lára àwọn tó ń wọ́ ara wọn gòkè nínú òjò ọdún yìí. Àwọn tó ṣọ́ wọn nígbà náà ti di àgbà, ọmọ wọn ló sì ń di tépù mú lónìí.

Ọ̀dọ́ ẹni ogún ọdún tó bá ka ọmọ ìjàpá wọ inú òkun lọ́dún yìí yóò ti tó ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún kó tó lè rí i padà. Kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Àmọ́ tí òkun bá kún lóru ọjọ́ yẹn, tí àràbà ṣì dúró, tí ẹnì kan ṣì jókòó sínú òkùnkùn láì tan iná, ìjàpá náà yóò mọ ọ̀nà ilé.